Báwo ni síkánà ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ lórí rédíò trunking? Tèmi ní Ìkòròdú níbí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́.

Síkánà (rédíò tó ń wá ìkànnì kiri láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọkí-tọkí) tó mọ trunking máa ń ka dátà tó ń jáde láìdákẹ́ lórí ìkànnì ìṣàkóso. Dátà yìí ló ń sọ ìkànnì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi sọ̀rọ̀, síkánà á sì bọ́ síbẹ̀.

Lórí trunking, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pín ìkànnì díẹ̀ lò, ẹgbẹ́ kankan kò ní ìkànnì tirẹ̀. Ó dà bí èrò gáréèjì Ìkòròdú: dánfó tó bá kàn ni wọ́n ń wọ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì wọkí-tọkí rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ètò náà á yan ìkànnì tó ṣófo, á sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà. Èsì ọ̀rọ̀ yẹn lè gba ìkànnì mìíràn jáde. Ìdí nìyẹn tí síkánà lásán, tí kì í ka dátà, fi ń pàdánù ìdajì.

Nítorí náà, ra irú èyí tó mọ ètò tí o fẹ́ gbọ́: P25, DMR tàbí Motorola àtijọ́, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ètò rédíò. LTR, oríṣi ètò trunking mìíràn, yàtọ̀ díẹ̀. Kò ní ìkànnì ìṣàkóso tó dá dúró, abẹ́ ohùn ni dátà rẹ̀ ń gbà lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti ọ̀rọ̀ náà pa, kò sí síkánà tó lè tú u. Ní Nàìjíríà, Cybercrimes Act (òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà) ti ọdún 2015 sì ka títẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbogbò láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.