"Look forward to": ṣé "hear" ló yẹ kó tẹ̀lé e ni, àbí "hearing"?

Ìbéèrè náà ni pé: téèyàn bá ń parí lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì, èwo ló tọ́ nínú "I look forward to hear from you" àti "I look forward to hearing from you"?

"Hearing" ló tọ́.

"To" yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ sí ẹyọ kan. Nínú "I want to hear from you", iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló dúró sí, ìdí nìyẹn tí "hear" fi wà bẹ́ẹ̀ láìní àfikún kankan. Ti "look forward to" kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "to" níbẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì ń fẹ́ lẹ́yìn ara rẹ̀: "I look forward to your reply", "I look forward to the meeting". Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá máa bọ́ sáyè náà, àfi kó kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀-orúkọ, "-ing" ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Bó bá ń rú yín lójú, ẹ fi "it" dán an wò. "I look forward to it" dún dáadáa létí. "I want to it" kò já sí nǹkan kan. Ibi tí "it" bá ti wọlé, "-ing" ni kí ẹ lò. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí gan-an, torí kò béèrè pé kéèyàn há òfin kankan sórí. Ó bá "object to" náà mu, àti "be used to": "I am used to working at night". Àmọ́ "I used to work at night" yàtọ̀ pátápátá. Ohun téèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́ nìyẹn ń sọ.

"I am looking forward to" náà kò burú, ó kàn lọ́yàyà díẹ̀ ni. Fún lẹ́tà ìwáṣẹ́, "I look forward to" ni màá yàn.

Èyí tí mi ò fara mọ́ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni "Looking forward to hearing from you" tí wọ́n fi àmì ìdánudúró sí nídìí. Kò ní olùwà. Nínú lẹ́tà àtijọ́, kọ́mà ló máa ń wà níbẹ̀, "I remain, Yours faithfully" á wá tẹ̀lé e, "I" yẹn sì ni olùwà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ímeèlì sí ẹni tẹ́ ẹ jọ mọwọ́ ara yín, kò séwu, ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.