Bí a ṣe ń dá ayé èròjà tuntun sílẹ̀ nínú eré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń darí eré Dungeons & Dragons fún àwọn ọ̀rẹ́ mi 4 ní Abẹ́òkúta níbí, eré ìtàn àfẹnusọ tí a ń fi dáìsì pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ayé èròjà inú rẹ̀, tí èròjà kan ṣoṣo kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ayé Iná, ayé Omi, ayé Afẹ́fẹ́ àti ayé Ilẹ̀, ti sú wọn. Gbogbo ayé tuntun tí mo bá kọ ló ń dà bí ayé Iná tí a pa láwọ̀ dà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Bí ibẹ̀ ṣe rí lẹ kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ́. Ohun tí èròjà náà máa ń ṣe sí ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré sọ ọ́. Iná ń jó. Iyọ̀ ń fa omi ara gbẹ. Àpáta ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùdarí eré á ní ó ń tẹni pa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo inú ihò Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun, mọ̀ pé àpáta ń fi ni pamọ́. Ayé àpáta tó ń fi ni pamọ́, tí kì í sì í fẹ́ yọ̀ǹda ẹni tó bá ti gbà mọ́ra, ọ̀tọ̀ gbáà ni.

Pípo èròjà méjì pọ̀ ni ọ̀nà tí eré náà fúnra rẹ̀ ti lò: iná àti ilẹ̀ di òkúta yíyọ́, iná àti afẹ́fẹ́ di èéfín, omi àti ilẹ̀ di ẹrẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ di yìnyín. Ó dára, àmọ́ ewu èròjà méjèèjì ni àwọn èèyàn máa ń kó wọlé, wọn a gbàgbé pé ó yẹ kí àdàlù náà ní ìwà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aró ṣe é, torí ohun tó wà nítòsí yín ni. Àwọn aláró Ìtòkú mọ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró èlú kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí i ló ń yí i padà. Òfin ayé yín nìyẹn: nínú odò aró, nǹkan kan kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ìgbà tí èèyàn bá jáde sí afẹ́fẹ́ ló ń yí padà. Jíjáde ni ewu, kì í ṣe wíwọlé, nítorí náà idán ààbò kan ṣoṣo kò ní lè parí rẹ̀.

Ẹ wá fi nọ́ńbà sí i. Nígbàkúùgbà tí eléré bá jáde, kó da dáìsì ojú 20, kó fi nọ́ńbà agbára ara ẹ̀dá tó ń ṣe nínú eré kún un. Bí kò bá pé 13, aró mú un. Lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà. Lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ará ayé Iná kì í rí i mọ́, ohun tí àwọn èèyàn sì ń torí rẹ̀ wá síbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn tirẹ̀ kì í dá a mọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ará ibẹ̀. Èrè àti ewu wà lórí àkàsọ̀ kan náà. Òun ló ń mú eléré ronú.

Ààbò náà ti wà nínú iṣẹ́ aláró: ẹ̀kọ gbágùúdá tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aró kì í ràn níbi tó bá wà. Kí igbá ẹ̀kọ kan tó ara èèyàn kan fún wákàtí 1. Bó bá jà, ẹ̀kọ á sán, aró á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ yọ 5 kúrò nínú iye tó bá dà.

Òfin kan tó. Bí ẹ bá fẹ́ ìkejì, kó jẹ́ pé inú àkọ́kọ́ ló ti jáde. Ẹ sì ti dáhùn nǹkan 3 sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó: kí ni wọn yóò máa mí, níbo ni wọn yóò máa tẹ̀, kí ni yóò jẹ́ kí wọ́n ríran? Àìsí ìdáhùn wọ̀nyí ló máa ń dá eré dúró, torí olúkúlùkù á máa fojú inú wo ibi tó yàtọ̀.

Ó ku ibodè, ìyẹn ọ̀nà tó so ayé yín mọ́ àwọn ayé yòókù. Àwọn ará Ṣáínà ní èròjà 5: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi, igi ń bí iná, omi ń pa á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiyín. Omi eérú ló ń fún aró lágbára, nítorí náà ẹnubodè ayé Iná, níbi tí eérú ti ń dà sílẹ̀, ni kí ọ̀nà gbà wọ ayé Aró. Bí ẹnìkan ní ayé Iná bá dí ọ̀nà eérú yẹn, gbogbo odò aró á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn ará ibẹ̀ á sì wá ẹni tí iná kò lè rí láti rán lọ.