Ìbejì mi fẹ́ kọ́ eré ìjà: èwo ni kí n mú fún wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìbejì mi. Ọkùnrin ni Táíwò. Àwọn ọmọ kan ń tì í kiri nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà kì í sì í ṣe ẹni tó ń jà. Obìnrin ni Kẹ́hìndé. Tiẹ̀ ni pé ó fẹ́ máa díje, kó máa gba àmì ẹ̀yẹ wálé. Bàbá wọn ní kí àwọn méjèèjì lọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àmọ́ ẹ̀rù orí wọn ń bà mí. Taekwondo wà nítòsí wa, kàrátè wà, júdò àti jiu-jitsu ti Bràsílì náà wà. Níbì kan, wọ́n ní láàárín ọdún méjì wọ́n á ti gba bẹ́líìtì dúdú, àmì ipò gíga nínú eré ìjà. Èwo ni kí n mú, ṣé ibì kan náà ni kí n sì kó wọn lọ?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Kí ẹ tó mú eré ìjà kankan, ẹ ya ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Táíwò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tì í, Kẹ́hìndé ń wá ìdíje. Eré kan lè ṣe méjèèjì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ṣe é.

Ti Táíwò ló ká mi lára jù. Ìjà ọmọdé nílé ẹ̀kọ́ kì í sábà ti orí ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tì í, wọ́n á di aṣọ rẹ̀ mú láyà, wọ́n á fà á títí á fi ṣubú. Ibẹ̀ gan-an ni júdò àti jiu-jitsu ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tiwọn. Ẹ tún rò ó wò: bí Táíwò bá kan ọmọ kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú, ẹ̀jẹ̀ imú yẹn ni olùkọ́ máa rí, kò ní rí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń fìyà jẹ òun náà. Bó bá já ọwọ́ wọn kúrò lára aṣọ rẹ̀, tàbí tó di ọmọ náà mú títí àgbàlagbà fi dé, ẹjọ́ kò ní pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Jigoro Kano ló dá júdò sílẹ̀ ní Jàpáànù lọ́dún 1882. Ó mú ìjà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní jujutsu, ó yọ àwọn ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò nínú ìdánrawò, kí ènìyàn méjì lè fi gbogbo agbára gbé ara wọn ṣánlẹ̀, kí wọ́n sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Èrè ńlá nìyẹn. Ọmọ tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lè dára lójú, àmọ́ kò tíì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹlòmíì kò fẹ́ gbà fún un. Nínú júdò, jiu-jitsu àti ìjàkadì, ẹnìkejì ń janpata. Bí ẹ bá lọ wo kíláàsì èyíkéyìí, ohun tí ẹ máa fojú wá nìyẹn. Ẹ má wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.

Nínú júdò, bí a ṣe ń ṣubú ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ní sùúrù fún èyí, wọ́n á ní wọ́n kàn ń fi owó àwọn ṣeré ni. Àdùkẹ́ tèmi tó ń ṣe júdò kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà níta rí, àmọ́ ó ti já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ká orí mọ́ àyà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Jiu-jitsu ti Bràsílì kò kéré rárá. Royce Gracie ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lọ́dún 1993, nígbà tó gba ìdíje UFC àkọ́kọ́, níbi tí àwọn oníjà oríṣiríṣi ti ń pàdé, lọ́wọ́ àwọn tó tóbi jù ú. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sí i ni pé orí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdùbúlẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìdánrawò wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ló yí Táíwò ká, ilẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kó wà. Ìdí tí mo fi fi júdò ṣíwájú nìyẹn. Bí olùkọ́ júdò àdúgbò yín kò bá dáa, tí ti jiu-jitsu dáa, ẹ kó wọn lọ sí jiu-jitsu láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kẹ́hìndé ńkọ́? Taekwondo máa dùn mọ́ ọn. Láti Sydney lọ́dún 2000 ni wọ́n ti ń gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ní Olympics, Chika Chukwumerije sì gba idẹ fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2008. Ẹ̀ṣẹ́ sí àyà jẹ́ àmì 1, ìpá sí àyà jẹ́ 2, ìpá sí orí jẹ́ 3, ó kéré tán. Ẹ bi olùkọ́ bóyá wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ tó tó tirẹ̀ ta ìpá sí orí. Ẹ̀ṣẹ́ sí ojú ni wọ́n kì í gbà rárá, ẹ sì máa rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ń díje. Òfin eré ló ń kọ́ ara ní ìwà. Júdò náà ní tirẹ̀: láti 2013, wọn kì í gbà kí ènìyàn fọwọ́ mú ẹsẹ̀ ẹnìkejì nínú ìdíje àgbáyé. Nítorí náà, àmì ẹ̀yẹ kọ́ ni a fi ń mọ ẹni tó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá ń lálàá Olympics, kàrátè kò ní gbé e débẹ̀ báyìí. Ìdíje Tokyo, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, nìkan ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí ní Paris, kò sì sí nínú ti Los Angeles 2028. Júdò obìnrin ti wà níbẹ̀ láti 1992. Ìjàkadì náà wà. Blessing Oborududu gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú rẹ̀ ní Tokyo. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ ìjàkadì ọmọdé nítòsí, ẹ má fojú fò ó.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Wọn kò purọ́, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ń kọ́ni ní ìgboyà. Ṣùgbọ́n orí ni wọ́n ń dójú lé níbẹ̀, orí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò sì yẹ fún un. Lọ́dún 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jọ sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Bí wọ́n bá fi Israel Adesanya, oníjà UFC tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, ṣàpẹẹrẹ, ẹ sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fìyà jẹ òun náà ní New Zealand, àmọ́ ó ti pé ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá. Lọ́dún 2019 ó di ògá nínú UFC.

Ẹni tó sọ pé àwọn ọmọ á gba bẹ́líìtì dúdú lọ́dún méjì, ẹ sá fún un. Nínú òfin IBJJF, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu ti Bràsílì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè gba bẹ́líìtì búlúù, ti dúdú kò sì ṣeé gbà kó tó pé 19. Ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá ní bẹ́líìtì dúdú, bẹ́líìtì ló ń tà. Ẹ sá fún ẹni tó ní kí ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ọdún gbọọrọ kí ọmọ tó dán an wò, ẹ sì sá fún ẹni tí kì í jẹ́ kí òbí jókòó wo kíláàsì, ì báà jẹ́ gbajúmọ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ kó àwọn méjèèjì lọ sí júdò fún sáà kan. Bí ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé bá ń yún un láti ta ìpá, ẹ jẹ́ kó lọ sí taekwondo, kí Táíwò dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ìbejì bá ara wọn ṣe ìdánrawò nígbà gbogbo. Táíwò nílò àjèjì tó máa di aṣọ rẹ̀ mú.

Títí tí ara rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n má dán júdò kankan wò: kí wọ́n kígbe, kí wọ́n sáré, kí wọ́n wá sọ.

Ẹ má tíì ra aṣọ o, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yáni ní tiwọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí Kẹ́hìndé yọ yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ irun rẹ̀ nílé, kí ẹ sì gé èékánná àwọn méjèèjì.
Bàbá Àdùkẹ́