Ọdún mélòó ni máásítà nínú àwòrán yíyà àti kíkùn ní Íńdíà, ibo ló sì dáa?

Ọdún méjì ni. Àmọ́ wo orúkọ ìwé ẹ̀rí náà dáadáa o. Àwọn yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ń pè é ní M.A. Drawing and Painting. Ní ti MFA (máásítà nínú iṣẹ́ ọnà), tí yunifásítì ìlú Baroda ń pè ní MVA, wọ́n sábà máa ń béèrè BFA ọlọ́dún mẹ́rin, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ọnà, kí wọ́n tó gbà ẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi, Kala Bhavana, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti yunifásítì Visva-Bharati ní ìlú Santiniketan, ni màá lọ. Akéwì Rabindranath Tagore ló dá a sílẹ̀ ní 1919. Ère ńlá tí Ramkinkar Baij ṣe wà ní gbangba nínú ọgbà. Àwòrán tí Benodebehari Mukherjee yà sì wà lára ògiri nínú ilé Hindi Bhavana níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà lè gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ICCR, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń rí sí àjọṣe àṣà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn.