Èsì: XLT tàbí Platinum fún kíkó ẹrù láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ rà nínú XLT àti Platinum, ìyẹn oríṣi méjì ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-150 Lightning ọdún 2022 tí ń fi iná mànàmáná rìn. Nínú méjèèjì, XLT ni kí ẹ fi máa kó àdìrẹ yín láti Ìtòkú lọ sí Èkó, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ èyí tí ó ní bátìrì ńlá.

Ní ìdíwọ̀n Amẹ́ríkà, bí bátìrì bá kún, bátìrì ńlá ń gbé XLT dé nǹkan bí kìlómítà 515, kékeré ń gbé e dé 370, bẹ́ẹ̀ ni Platinum, tí ó wúwo jù, ń rin 483. Ìtura ni ẹ ń fi owó Platinum rà.

Ohun tí ó gba ìfarabalẹ̀ ni iná tí ẹ fẹ́ fà láti ara ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Platinum lè fún yín ní iná kìlówáàtì 9.6 láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n XLT mìíràn kò ní ju 2.4 lọ, fólítì 120 nìkan ni ó sì ń mú jáde, èyí tí ẹ̀rọ wa tí ń lo 230 kò lè lò láìsí tàǹsífọ́mà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ihò iná fólítì 240 wà níbi ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà nílò iná láti fi gba agbára lóru, nítorí náà bí iná ilé yín kì í bá dúró mọ́jú, ẹ má tíì ra ọ̀kankan.