Èsì: Kí la fẹ́ fi kátálíìsì ṣe?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bí iná oòrùn bá lè pín omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn, kí la tún fẹ́ fi kátálíìsì (ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán) ṣe? Fóòtì iná (volt) 1.23 ló yẹ kó ṣe é, àmọ́ láìsí kátálíìsì tó dáa, iná tó máa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Ọ̀dọ̀ ọ́síjìn ni wàhálà wà: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (eérún tíntìntín tó ń gbé iná) mẹ́rin gbọ́dọ̀ kúrò lára omi kí mólékù ọ́síjìn kan tó jáde. Irídíọ́ọ̀mù, irú mẹ́táàlì kan, mọ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó wọ́n bí ojú. Lọ́dún 2008, Daniel Nocera àti Matthew Kanan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi kóbọ́ọ̀tì àti fọ́síféètì ṣe kátálíìsì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe bó ṣe ń jẹ. Ìyẹn wú mi lórí púpọ̀! Èyí tí mo fara mọ́ jù ni níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pò mọ́ irin, torí méjèèjì pọ̀ nílẹ̀. Háídrójìn tó bá jáde la máa tọ́jú di alẹ́, ká lè lò ó bí epo nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀.