Ṣé jéèdì ni òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà Ìtagunmódì?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà n'Iléṣà. Àwọn ọmọkùnrin kan tó ń wa wúrà lọ́nà Ìtagunmódì gbé òkúta aláwọ̀ ewé kan wá bá mi, ó tó orí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní jéèdì ni, pé àwọn ará Ṣáínà ń wá a kiri, kí n san 40,000 náírà. Mo fẹ́ gé e ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ má tíì sanwó.

Òkúta méjì ni ayé ń pè ní jéèdì: jadeite, tó pọ̀ ní Myanmar, àti nephrite. Damour, onímọ̀ ará Faransé, ló fi hàn lọ́dún 1863 pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi jadeite sílẹ̀. Nephrite ló kàn wá, torí pé ohun tó ń di nephrite wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa n'Ìjẹ̀ṣà níbí.

Tremolite ni wọ́n ń pè é. Kálísíọ́mù, magnesium, sílíkà àti omi díẹ̀ ló para pọ̀ dì í. Bí irin bá wọ̀ ọ́ dáadáa, ó di actinolite nìyẹn, àwọ̀ ewé rẹ̀ á sì máa dúdú sí i. Àpáta tó ní tremolite wà káàkiri agbègbè Iléṣà, talc sì máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ fọwọ́ pa á, á máa yọ̀ bí ọṣẹ.

Kí ló wá dé tí gbogbo rẹ̀ kò fi di jéèdì? Ẹ wo orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, tí gbogbo irun kọjú síbì kan: ìka kan péré lẹ fi máa pín in sí méjì. Ẹ wá wo orí dàda. Irun náà ni, àmọ́ ó ti lọ́ mọ́ra débi pé òòyà kò rí ọ̀nà gbà. Nephrite ni dàda yẹn: fọ́nrán tremolite tínínntín, tí ojú lásán kò lè rí, tó dì mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí òòlù fi ń ta padà lára rẹ̀, tí àwọn Maori ní New Zealand sì fi ń fi í ṣe àáké kí irin tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Tremolite tiwa, orí tí wọ́n yà ni. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ti jẹ́ kí fọ́nrán rẹ̀ dàgbà, kí wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ fi òòlù kàn án, á là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.

Ibi tí àpáta méjì tí kò jọra ti pàdé ni nephrite ti ń wáyé, tí omi gbígbóná sì ń gba àárín wọn kọjá. Ní New Zealand àti British Columbia ní Kánádà, serpentine, òkúta tó kún fún magnesium, ló fara kan àpáta tó ní kálísíọ́mù àti sílíkà. Ní Hetian, níwọ̀-oòrùn Ṣáínà, granite gbígbóná ló ya wọ inú dolomite, àpáta tó ní kálísíọ́mù àti magnesium. Ibẹ̀ ni jéèdì funfun tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ ti ń wá. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ́ ọ bó ṣe ń dì, ooru kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù lẹ́yìn náà, kí dàda má baà tú.

Ó yá, ẹ gbé òkúta yín. Ẹ fi ọ̀bẹ fá a níbi tó pamọ́. Bí ó bá yọ ìyẹ̀fun, talc tàbí serpentine ni, ọ̀rọ̀ parí. Líle nephrite jẹ́ 6 sí 6.5 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Ọ̀bẹ á kàn fi ìlà irin sí i lára ni, òun fúnra rẹ̀ á sì ha ara ìgò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi okùn so ó kọ́ sìkéèlì, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá rì sínú omi láì kan ìsàlẹ̀ báàkẹ́ẹ̀tì. Ká ní ó jẹ́ kílò 3 lókè, tó wá di kílò 2 nínú omi: kílò 1 ló fò lọ, ẹ fi 1 pín 3, ó jẹ́ 3. Láàárín 2.9 sí 3.1 ni ti nephrite. Serpentine kì í sábà ju 2.6 lọ. Ìgò bíi 2.5 ni, ẹ sì rántí pé àwọn baba wa n'Ilé-Ifẹ̀ ti ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun láti ohun tó lé ní 500 ọdún. Bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó kéékèèké nínú òkúta kan, ìgò ni. Bó bá sì jẹ́ ti Ifẹ̀, ohun àjogúnbá ni, ẹ má gé e.

Ìwọ̀n nìkan kò tó ṣá, torí àpáta dúdú tó pọ̀ ní Iléṣà, tí wọ́n ń pè ní amphibolite, náà lè wọ̀n tó 3. Ojú ibi tó ti kán lẹ máa wò. Ti amphibolite á máa dán yẹ́ríyẹ́rí nínú oòrùn; ti nephrite á ṣú bí àbẹ́là, kò ní dán. Ẹ tan iná fóònù sẹ́yìn etí rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́: nephrite á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kọjá.

Ohun kan ṣì wà tó ká mi lára ju owó yín lọ. Bí ó bá jẹ́ pé tremolite tiwa ni, ẹ má gé e ní gbígbẹ. Àwọn fọ́nrán yẹn, àwọn kan nínú wọn jẹ́ asbestos, eruku wọn kì í sì jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Nephrite gan-an, inú omi ni wọ́n ti ń gé e, pẹ̀lú ìbòmú.

Ẹ ní kí àwọn ọmọ náà gbá òkúta yẹn ní òòlù lójú yín. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.